Ẹjọ́ Kòkó Orí Àpáta

Kò sí ẹni tó gbé Ìdànrè rí tí kò mọ̀ pé orí àpáta ni kòkó ti ń gbẹ dáadáa. Oòrùn á mú un láti òkè, àpáta gbígbóná á mú un láti ìsàlẹ̀. Lórí àpáta ẹ̀yìn ilé wọn ni Hannah àti Matthias ọkọ rẹ̀ ti ń sá tiwọn láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Hannah ló ń fi ẹsẹ̀ tú u, Matthias ló ń lé ewúrẹ́, á sì máa bá wọn ṣàròyé bí ẹni pé wọ́n gbọ́ èdè.

Nígbà tó yá, àwọn aṣòfin ṣe òfin kan pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá kòkó sórí àpáta mọ́. Wọ́n ní kòkó sísá ń ba ẹwà òkè jẹ́ lójú àwọn àlejò tó ń wá wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, àlejò wo ni kòkó lé padà sílé rí? Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Òfin náà gba àwọn tó ń ṣọ́ òkè láyè láti ti ẹni tí wọ́n bá mú mọ́lé fún oṣù mẹ́ta, láìgbé e dé iwájú adájọ́ kankan.

Matthias ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ikọ́ fée sì ń bá a jà. Hannah gun ọ̀kadà lọ gbé oògùn rẹ̀ fún un, wọ́n ní kó dúró kí àṣẹ dé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn. Kí àṣẹ tó dé, Matthias ti kú.

Àwọn ọmọ iléèwé wá ń pe Dára, ọmọbìnrin wọn, ní ọmọ ẹlẹ́wọ̀n. Ó dun Hannah wọra. Ohun kan ṣoṣo ló wá ń fẹ́ láyé yìí: kí adájọ́ la ẹnu, kó sọ pé Matthias kì í ṣe ọ̀daràn.

Olúfúnmilọ́lá, ọmọ Ìdànrè tó ń ṣe lọ́yà ní Àkúrẹ́, ló gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, tó wá bá a nílé.

"Ìyá Dára, ìwé òfin Nàìjíríà ju gbogbo òfin lọ. Ó ní a kò gbọdọ̀ ti ènìyàn mọ́lé báyẹn láìgbé e dé kóòtù. Òfin tó bá ta kò ó, adájọ́ lè fagi lé e. Ṣùgbọ́n adájọ́ kì í wá òfin burúkú kiri, mà. Ẹni tí òfin náà bá pa lára ló máa lọ pẹjọ́."

"Ó pa mí lára. Ṣé wọ́n á dárúkọ ọkọ mi?"

"Orúkọ tiyín la máa fi pẹjọ́, mà."

Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn, ṣùgbọ́n Hannah gbà á sí bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹjọ́ náà pẹ́. Ààwẹ̀ ni Hannah máa ń gbà lọ sí kóòtù, bí ìjọ aládùúrà ṣe kọ́ ọ. Lọ́yà ìjọba ní aṣòfin lágbára láti tọ́jú òkè. Olúfúnmilọ́lá ní agbára yẹn kò dé orí kí wọ́n fi ìyà jẹ ènìyàn láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Òyìnbó ni gbogbo wọn ń sọ, Hannah kò sì gbọ́. Orúkọ Matthias nìkan ló ń tẹ́tí sí.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, adájọ́ ka ìdájọ́ rẹ̀ títí, orúkọ náà kò jáde. Lójijì ni àwọn àgbẹ̀ tó kún ẹ̀yìn kóòtù fò dìde. Olúfúnmilọ́lá dì mọ́ Hannah.

"A ti borí, mà! Adájọ́ ní òfin náà ta ko ìwé òfin ilẹ̀ wa. Ó ti di òfo, bí ẹni pé wọn kò ṣe é rí!"

"Kí ló sọ nípa Bàbá Dára?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu lọ́yà. "Òfin ni wọ́n ní kí adájọ́ yẹ̀ wò, mà. Òfin nìkan ló sọ̀rọ̀ lé lórí."

Àwọn àgbẹ̀ ń kọrin níta, wọ́n ní ọ̀la làwọn máa kó kòkó padà sórí àpáta. Hannah kò bínú sí wọn. Inú rẹ̀ kàn bàjẹ́ gidigidi ni, ó sì wọ ọkọ̀ lọ́yà láìwẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n ń padà sí Ìdànrè, ó yíjú sí Olúfúnmilọ́lá.

"Lọ́yà, ẹ ní bí ẹni pé wọn kò ṣe òfin yẹn rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn."

"Kí ni kí n wá sọ fún Dára pé ó pa bàbá rẹ̀?"

Olúfúnmilọ́lá tẹjú mọ́ ọ̀nà.