Òfin Kan Tí Ọwọ́ Mi Pa Rẹ́

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí àrùn kòrónà ti rọlẹ̀ tí ọjà sì ń bọ̀ sípò, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa oníbúrẹ́dì ní Ẹdẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gba ipò lọ́wọ́ wa sábà máa ń bi mí bí a ṣe jà tí ìjọba fi dín òfin kù lọ́rùn wa. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Bóyá ìṣẹ́gun ni kí n pè é, mi ò tíì mọ̀.

Àjọ márùn-ún ló ń wọlé tọ̀ wá nígbà yẹn: ti iná, ti omi, ti àyíká, ti ìlera, àti ti pátákó ẹnu ọ̀nà. Kálukú ló ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Àwọn ti iná ní kí n máa ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ nígbàkigbà tí ààrò bá ń jó. Mo ṣí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè, wolé-wolé àjọ ìlera, fi dé.

"Ìyá Bùnmi, ta ló ní kẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn yìí? Ẹ ò rí eṣinṣin ni?"

"Ìjọba ló ní ká ṣí i."

"Ìjọba wo? Èmi wá ńkọ́, kí lèmi?"

Ó ti ilé búrẹ́dì mi pa fún ọjọ́ mẹ́rin. Gbogbo fúláwà tí mo ti pò ló kan. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú wa. Alága wa, Alhaji Làmídì, àgbà tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún, pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má dáná ààrò. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò sí búrẹ́dì ní Ẹdẹ, kò sí ní Sẹ́kọ̀nà. Àwọn oníbúrẹ́dì ìlú Awo àti ìlú Ara náà bá wa dáṣẹ́ dúró. Lọ́jọ́ kẹrin, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òṣogbo, a gbé pátákó dání: ÒFIN PỌ̀ JU BÚRẸ́DÌ LỌ.

A ti múra ìjà. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan jáde sí wa, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà. Ó ní, "Ẹ̀yin òbí wa, ìjọba fúnra rẹ̀ ti fẹ́ dín òfin àwọn àjọ kù. Ẹ kọ àwọn òfin tí ẹ ò fẹ́ wá."

Ẹni tó bá fi gbogbo agbára ti ilẹ̀kùn tí wọn ò tì, ṣebí yóò ṣubú wọlé ni. A jókòó sábẹ́ igi, ariwo sọ. Ẹnì kan ń kígbe pé, "Kọ gbogbo ẹ̀!" Mo ń kọ, títí mo fi dé orí òfin tó ní kí àjọ ìlera máa yẹ búrẹ́dì wò nítorí kẹ́míkà tó ń mú un wú, èyí tí wọ́n ti fòfin dè nítorí àìsàn tó ń fà.

"Alhaji, èyí ńkọ́?"

"Ta ló máa ń wá fún un?"

"Adéoyè ni."

"Kọ ọ́ sí i, jàre!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo rántí fúláwà mi tó kan, mo kọ ọ́ sí i.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìwé àṣẹ márùn-ún di ẹyọ kan, ọ́fíìsì kan, ọjọ́ kan. A jó. Àyẹ̀wò kẹ́míkà náà bá àwọn yòókù lọ.

Nígbà tó yá, búrẹ́dì kan jáde ní ìlú, ó wú bí ìrọ̀rí. Àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbẹ̀. Mo lọ fẹjọ́ sùn ní ilé búrẹ́dì alága wa. Kẹ́míkà tí wọ́n fòfin dè yẹn, tó funfun bí ìyẹ̀fun, ni mo bá lórí tábìlì wọn.

"Alhaji, ẹ̀yin náà?"

Wọn ò lè wò mí lójú. "Akọ̀wé, kí ni kí n ṣe? Tèmi ò tà mọ́. Kò sì sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò."

"Alhaji, ọ̀nà ọ̀fun lọ̀nà ọ̀run o."

Mo wá Adéoyè lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n gbé e lọ, níbi tó ti ń to fáìlì. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá ràn wá lọ́wọ́.

Ó ní, "Mi ò láṣẹ mọ́. Mo rí ìwé tó gbà á lọ́wọ́ mi, Ìyá Bùnmi. Ọwọ́ ìkọ̀wé yín ni. Bí a bá ń sunkún, ṣebí à máa ń ríran."

Mo gbé e wá sípàdé pé ká kọ̀wé kí wọ́n dá òfin kan ṣoṣo yẹn padà. Wọ́n hó lé mi lórí: "Ìyá, ẹ tún fẹ́ lọ gbé wolé-wolé wá?" Àwa mẹ́rin péré la fọwọ́ sí i. Alhaji ni ẹnì kẹrin. Mi ò bi wọ́n bóyá wọ́n ti jáwọ́ nínú kẹ́míkà náà. Mi ò mọ̀ bóyá ìtìjú ni kò jẹ́ kí n bèèrè, tàbí ìbẹ̀rù èsì. Títí di òní, ìjọba ò tíì fèsì ìwé náà.

Ìwé kan dípò márùn-ún dára, mi ò ní purọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká padà síbi tí a ti wá. Ṣùgbọ́n lábẹ́ igi tí a jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, oníbúrẹ́dì nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ń jẹ ẹ́, a ò bi wọ́n ní nǹkan kan.