Ọ̀rọ̀ Tí Wọn Kì í Jẹ́ Kó Parí

Ìró bíléèdì ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ tí mo bá wọlé. Ìyá Aránṣọ tún ti ń tú ìṣẹ́tí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán nìyẹn. Màá jókòó sábẹ́ tábìlì, láàárín àjákù aṣọ àti òórùn epo máṣíìnì, màá máa ṣa òwú tó ń já bọ́. Aṣọ náà dára lójú mi, ó dára lójú ẹni tó ni ín. Ìyá Aránṣọ nìkan ló máa gbé e wò níwájú fèrèsé, tí wọ́n á ní, "Ọwọ́ burúkú lọwọ́ yìí," wọ́n á sì tún un rán.

Troyeville là ń gbé nígbà náà, ní ilẹ̀ òkèèrè. Màmá mi ń tajà ní Alexandra, nítorí náà ọ̀dọ̀ aládùúgbò wa yìí, tó jẹ́ Yorùbá bíi tiwa, ni mo máa ń wà tí mo bá ti ilé ìwé dé. Wọ́n ti bímọ kan rí. Ọmọ náà kú ní kékeré, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ rẹ̀ pè wọ́n mọ́. Bí wọ́n ṣe di Ìyá Aránṣọ nìyẹn.

Nígbà mìíràn, tí àwọn obìnrin bá jókòó ti ara wọn, Ìyá Aránṣọ á bẹ̀rẹ̀: "Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi ni mo..." Kíá ni àwọn obìnrin náà á ti dá wọn lóhùn pé omi ló dànù, agbè ò fọ́, kí wọ́n má dá ara wọn lẹ́bi. Inú rere ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ìyá Aránṣọ á dúpẹ́, wọ́n á padà sídìí bíléèdì wọn.

Ìyá òyìnbó arúgbó kan tí wọ́n ń rán kọ́tìnnì fún ló mú wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìjọ Kúékà, èmi náà sì ń tẹ̀ lé wọn lọ lọ́jọ́ Sánńdè. Kò sí pásítọ̀, kò sí orin. Wọ́n to àga yíká, wọ́n dákẹ́, wọ́n ń dúró de Ọlọ́run. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sọ sí lọ́kàn á dìde sọ ọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í fèsì. Ẹyẹ hadídà tó ń pariwo lórí òrùlé nìkan ni kò gba ìlànà. Nígbà tí mo ròyìn fún màmá mi, wọ́n ní ṣé Ọlọ́run tiwọn ń sùn ni, tí wọn ò fẹ́ jí i.

Kò rọrùn fún Ìyá Aránṣọ. Bá a ṣe dúró lọ́jọ́ kan ní róbọ́ọ̀tì, ìyẹn iná tó ń darí ọkọ̀, wọ́n sọ fún mi pé ibẹ̀ dákẹ́ jù, ohùn ara àwọn nìkan ni àwọn ń gbọ́, èébú ló sì ń bú àwọn. Síbẹ̀ à ń lọ.

Lọ́jọ́ Sánńdè kan tí òtútù mú gan-an, wọ́n dìde. Yorùbá ni wọ́n sọ, èmi nìkan ló sì gbọ́ ọ.

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi ni mo ní kó fara dà á. Ara rẹ̀ gbóná, ìṣẹ́tí kan ló kù mí kù. Ó ní, 'Mọ́mì, ṣé ẹ ti parí?' Mo ní ó ku díẹ̀. Nígbà tí mo máa fi parí, kò dá mi lóhùn mọ́."

Wọ́n jókòó. Mo ń retí ẹni tó máa sọ pé omi ló dànù. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Gbogbo wa dákẹ́ ti ẹkún wọn títí ó fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lójú ọ̀nà, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Mo sọ ọ́ tán," ni wọ́n wí. "Ọlọ́run gbọ́ ọ dópin, kò sì sá fún mi."

Lọ́jọ́ kejì wọ́n rán yúnífọ́ọ̀mù mi, ìṣẹ́tí rẹ̀ sì wọ́ díẹ̀. Wọ́n mú bíléèdì, wọ́n wò ó títí, wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọ́n ní kí n wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé ọwọ́ tó rán an kò burú. Bíléèdì náà ṣì ń padà láwọn ọjọ́ mìíràn, mi ò ní purọ́, àmọ́ kì í pẹ́ lọ́wọ́ wọn mọ́.

Ìyá Aránṣọ kú lọ́dún tó kọjá, ó sì dùn mí wọra. Mi ò kọ́ iṣẹ́ aṣọ lọ́dọ̀ wọn. Bí mo ṣe lè pa ẹnu mi mọ́ kí ẹlòmíràn lè sọ tirẹ̀ tán ni mo kọ́. Lọ́jọ́ tí ìròyìn ikú wọn dé, àwọn èèyàn kún ilé wa ní Roodepoort, níbi tá a ti kó lọ. Màmá mi bú sẹ́kún: "Ó pè mí láàárọ̀, èmi ni mo..." Kíá ni gbogbo ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí màmá mi sọ ọ́ tán. Mo fa àga, mo jókòó tì wọ́n. Màmá mi wò mí, wọ́n sì tún un bẹ̀rẹ̀.