Fọ́tò Tí Ìyá Mi Gbé Wọ Ọkọ̀ ní Agbabu

Ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ìyá mi gun àpótí, ó sì yọ fọ́tò kan kúrò lára ògiri ilé oúnjẹ rẹ̀ ní Òrè. Mo mọ aago náà dájú, nítorí pé rédíò ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ológun tó ń ṣèjọba ń bẹ̀ wá pé kí a ṣe sùúrù, pé nǹkan yóò dára. Bàbá mi dá rédíò lóhùn pé sùúrù tí òun ṣe lọ́dún tó kọjá ṣì wà níbẹ̀, òun kò tíì rí ohun tí òun lè fi rà.

Fọ́tò náà kéré, ṣùgbọ́n ayàfọ́tò ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín páálí funfun kan tó fẹ̀, débi pé páálí pọ̀ ju fọ́tò lọ. Àwọn èèyàn bíi mẹ́fà dúró níwájú ilé oúnjẹ wa, ìyá mi wà láàárín wọn, ó gbé orógùn dání bí ẹni tó gbé ọ̀pá àṣẹ. Ó ní àwọn òṣèré tí telifíṣàn máa ń gbé eré wọn jáde lọ́jọ́ Rú ni. Ọkọ̀ wọn bà jẹ́ ní Òrè nígbà òjò, wọ́n sì wá jẹun lọ́dọ̀ òun. Nínú eré yẹn, Ọba kan wà, Olorì kan wà, Ìránṣẹ́ kan sì wà tí gbogbo ààfin máa ń gbá lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀dọ̀ àwọn àgùnbánirọ̀ ní òkè ọya ni mo wà lásìkò tí wọ́n wá jẹun, nítorí náà n kò lè jẹ́rìí sí i. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí ni fọ́tò, fọ́tò náà sì ṣókùnkùn. Ọba kò dé adé níbẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó jọ pé inú àpò ló ń gbé nígbà tí kò bá sí eré. Ẹni tí ìyá mi pè ní Ìránṣẹ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó dúró bí olùkọ́ àgbà tí inú ń bí. Obìnrin tó ń ta oúnjẹ ní òdìkejì ọ̀nà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Àwọn alábàárù tó ń ru sìmẹ́ńtì nìyí. Mo mọ èyí tó wà lápá òsì.” Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn awakọ̀ ti ń bi ìyá mi léèrè iye tí sìmẹ́ńtì ń lọ.

Yẹ̀yẹ́ lásán kọ́ ni. Ní Òrè, èrò ọkọ̀ kì í yan ibi tí yóò ti jẹun. Awakọ̀ ló ń yàn án. Ibi tí ó bá ya ọkọ̀ sí, ibẹ̀ ni gbogbo èrò yóò sọ̀ sí, òun fúnra rẹ̀ yóò sì jẹ tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní yàrá ẹ̀yìn, pẹ̀lú ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò. Obìnrin òdìkejì ti ra telifíṣàn àti jẹnẹrétọ̀, àwọn awakọ̀ sì ti ń yà síbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń bá ìyá mi gúnyán ti padà sí Araromi-Obu. Bí nǹkan bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ìyá mi yóò ti ilẹ̀kùn pa kí òjò tó dé, yóò sì padà sí oko ẹ̀gẹ́ bàbá mi ní Odígbó, ibi tó ti fi ogún ọdún sá kúrò. Ó sọ èyí fún wa láìṣẹ́jú.

Àgbà awakọ̀ kan wà tí àwọn yòókù máa ń wo ibi tó bá yà sí. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́. Ó na ìka sí fọ́tò náà, ó ní, “Màmá, bí Ìránṣẹ́ bá lè fọwọ́ ara rẹ̀ sí páálí yìí, iwájú yín ni gbogbo wa yóò máa yà sí. Bí kò bá sì ṣe é, ẹ jẹ́ ká máa lọ wo telifíṣàn wa.”

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni a gbọ́ pé àwọn òṣèré náà yóò wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan tí yóò gbé àwọn ìdílé láti Agbabu lọ sí ìsàlẹ̀ odò fún ìgbafẹ́ ọdún Àjíǹde. Wọ́n ní tọmọdé tàgbà ni kó wá. Mo bi ara mi pé ìdílé wo ló kù tó ń gbafẹ́ ní ọdún tí ọṣẹ ti di ohun tí à ń fi tọrẹ ìgbéyàwó. Ó wá jẹ́ pé tiwa ni.

Nígbà tí a dé Agbabu ní Sátidé yẹn, a dá ọkọ̀ náà mọ̀. Gẹdú ló ń kó. Wọ́n kùn ún ní búlúù, wọ́n so bálúùnù mọ́ ọn, wọ́n wá ń pè é ní ọkọ̀ ìgbafẹ́. Ṣùgbọ́n èèpo igi ṣì wà láàárín àwọn pákó rẹ̀. Kí a tó wọ̀ ọ́, bàbá mi ti tẹ ọ̀dà títì tó wà nínú ilẹ̀ Agbabu, èyí tí gbogbo ìjọba ti ń sọ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi pé àwọn yóò wà jáde fún wa. Nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀, òun nìkan ló rí lára ọ̀dà yẹn mú lọ sílé, lábẹ́ bàtà ìsìn rẹ̀.

Sójà kan wà nínú ọkọ̀ tó ní kí a tò. A tò láti wọlé. A tò láti jókòó. Nígbà tí àwọn kan dìde láti wo odò, ó ní kí wọ́n tò kí wọ́n tó wò ó.

Àwọn òṣèré jáde nínú aṣọ eré wọn, ariwo sì sọ. Ìránṣẹ́ ló kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú ṣòkòtò tó ya ní orúnkún, àwọn èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a lórí bí wọ́n ti ń rí i nínú telifíṣàn. Ó ń fò, ó ń ké, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo kíyè sí i pé lẹ́yìn bí ẹni ogún ti gbá a, ó ń ké ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá a ké mọ́. Irun funfun wà ní ẹ̀bá etí rẹ̀, lábẹ́ fìlà.

Ọba tẹ̀lé e. Ọmọkùnrin tí kò lè jù mí lọ ni. Mo rí ibi tí gọ́ọ̀mù irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń ṣí. Bàbá mi, tó jẹ́ alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lórí èèpo igi.

Àbúrò mi obìnrin fà á láṣọ. “Bàbá, ẹ dìde. Ọmọdé ni o!”

“Adé kì í ṣọmọdé,” ni bàbá mi wí látilẹ̀.

Adé náà, páálí ni, wọ́n fi ìwé sìgá tó ń dán wé e.

Ìyá mi tò. Nígbà tó kàn án, ó gbé fọ́tò náà fún Ọba pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì kúnlẹ̀. Ọba gba báírò, ó kọ ỌBA gàdàgbà sí òkè páálí, láti igun kan dé ìkejì, bí ẹni tó ń kọ orúkọ sára mọ́tò. Olorì fọwọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó kéré, ó mọ́. Ó ku Ìránṣẹ́, ẹni tí a torí rẹ̀ wá.

Inú ìyá mi ti dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó gbé ohùn sókè bíi ti Olorì nínú eré. “Ìwọ Ìránṣẹ́! Sáré wá níbí! Orí ẹ dà?” Nígbà tí ọkùnrin náà dé, ó gbá a lórí, pẹ́! Àwọn èrò pàtẹ́wọ́.

Ìránṣẹ́ kò fò. Ó gba fọ́tò náà, ó wo páálí.

“Ta ló kọ èyí sókè?”

“Kábíyèsí ni,” ni ìyá mi wí, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

“Kábíyèsí wo?” Ó yíjú. “Ìwọ, bọ́ síbí.”

Ọba sáré wá. Ó dọ̀bálẹ̀ níbi tí bàbá mi ti dọ̀bálẹ̀ fún un, adé rẹ̀ bọ́, ó yí lọ sí ẹ̀bá omi.

“Ọdún mélòó lo ti lò lọ́dọ̀ mi?”

“Mẹ́ta, sà.”

“Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń jókòó lórí ìtẹ́?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“O wá gun òkè, o fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún mi.”

Obìnrin kan lẹ́yìn mi ké, “Yéè! Ìránṣẹ́ ló ni Ọba!”

Bó ti rí gan-an nìyẹn. Òun ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Mo rò ó nígbà tí mo jókòó: ẹni tí èrò ń tìtorí rẹ̀ sanwó ni Ìránṣẹ́, kò sì sí ọ̀gá tó máa gbé ipò tó ń mú owó wọlé fún ọmọ iṣẹ́. Ó yẹ kí a ti mọ̀. Àwa tí a máa ń wádìí ẹni tó kọ́kọ́ dáyé kí a tó kí ara wa, tí a kì í jẹ́ kí àbúrò mú ẹran ṣáájú ẹ̀gbọ́n, àwa gan-an la rí irun funfun, tí a gbá a lórí, tí a sì lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìwé sìgá.

Wọ́n mú abẹ wá látinú àpótí tíróò àti àtíkè wọn. Ọba kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha orúkọ oyè rẹ̀ kúrò lára páálí.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ha Ọba mi dànù!” ni ìyá mi ké. Ó ti ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀ báyìí, ó ti kúnlẹ̀ pẹ̀lú. “Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ̀yin lẹ jẹun lọ́dọ̀ mi ní Òrè. Ẹ wò ó, ẹ̀yin rèé.”

Ọkùnrin náà wo fọ́tò dáadáa. “Èmi ni,” ni ó wí. “Mo rántí. Ẹran ìgbẹ́ yẹn le.”

Ẹ̀rí tí a wá nìyẹn, ó sọ ọ́ ní gbangba. Ṣùgbọ́n kò sí awakọ̀ Òrè kankan nínú ọkọ̀ gẹdú tó lè gbọ́ ọ.

Nígbà tí òkè páálí di funfun, tí ibi tí abẹ ha hù bí òwú, ọkùnrin náà fọwọ́ sí i. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Mo kà á láti ẹ̀yìn èjìká ìyá mi: orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, orúkọ ìdílé rẹ̀, àti “Olùdásílẹ̀ àti Alákòóso” lábẹ́ rẹ̀. N kò ní kọ orúkọ náà síbí. Mi ò gbọ́ ọ rí kí ọjọ́ yẹn tó dé, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí nínú àwọn tí mo bi léèrè.

“Ìyá mi, kò kọ Ìránṣẹ́ sí i,” ni mo wí.

Ìyá mi tún gbé báírò fún un. “Bàbá, ẹ fi Ìránṣẹ́ kún un. Èyí tí wọ́n mọ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ mi ni.”

“Mo ti ṣe ìránṣẹ́ yín láti Agbabu,” ni ó wí. “Mo gbé orí fún yín, ẹ gbá a. Ẹ wá ní kí n tún fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́?” Ó dá báírò padà, ó sì lọ jókòó níwájú ọkọ̀, ó kẹ̀yìn sí wa. Títí a fi padà dé èbúté, kò sẹ́ni tó tún gbá a lórí. Ìgbafẹ́ náà tán síbẹ̀. Sójà ní kí a tò kí a tó sọ̀ kalẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà bàbá mi dá a lábàá pé kí èmi tí mo kàwé fi Ìránṣẹ́ kún un, pé ta ni yóò mọ̀. Ìyá mi ní, “Wọ́n ti ń pè mí ní onírọ́ lórí òótọ́. N kò ní fún wọn ní irọ́ gidi.” Ó gbé e kọ́ bó ti wà.

Lọ́jọ́ Túsìdé, àgbà awakọ̀ náà dé. Ó dá ọkọ̀ dúró létí títì láìyà sí ọ̀dọ̀ ẹnìkankan, ó ní kí àwọn èrò fara balẹ̀ nínú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wọ yàrá ẹ̀yìn lọ jẹ iyán, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jáde, tó ń tayín, ó wo ògiri. Awakọ̀ mẹ́ta mìíràn ti dúró tì í.

“Màmá, ta nìyí?”

“Ìránṣẹ́ ni. Orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn.”

“Orúkọ lọ́yà nìyí. Ìránṣẹ́ tí mo mọ̀ kò lórúkọ.” Ó fi ìka kan ibi tó hù bí òwú. “Ọba ńkọ́?”

“Wọ́n ha á kúrò.”

“Wọ́n ha Ọba kúrò! Àbí sójà ló ha á?”

Àwọn yòókù kọ́kọ́ wo títì, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó rẹ́rìn-ín.

“Màmá, ẹ má bínú. Ó dòdìkejì.” Ó ju ọwọ́ sí àwọn èrò rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, wọ́n ń kọjá títì lọ.

“Kò burú,” ni ìyá mi wí. “Owó iyán dà?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Màmá, ìgbà wo ni awakọ̀ ń sanwó?”

“Awakọ̀ ń jẹ ọ̀fẹ́ níbi tí èrò rẹ̀ bá ti jẹun. Èrò yín rèé lódìkejì. Ẹ lọ jẹ ọ̀fẹ́ yín lọ́hùn-ún. Iyán tó wà níkùn yín, títà ni.”

Oríṣiríṣi ni wọ́n ti sọ fún mi nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn: pé awakọ̀ náà padà, pé kò padà, pé obìnrin òdìkejì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lọ́wọ́ awakọ̀. Mo ti lọ sí Àkúrẹ́ wáṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, n kò sì lè fọwọ́ sí ìkankan nínú wọn. Èyí tí mo fojú mi rí ni pé àgbà awakọ̀ náà tọwọ́ bọ àpò, ó san owó iyán àti ti ẹran, ó sì dúró gba ṣéńjì.