Ife Omi Tíṣà Wa

Ife omi ni tíṣà sáyẹ́ǹsì wa ní Ọ̀tà fi ń kọ́ wa nígbà ọ̀wọ́n SAP, torí kò sí irinṣẹ́ nílé ìwé mọ́. Wọ́n á da òróró díẹ̀ sórí omi, wọ́n á ní:

"Ṣẹ́ ẹ rí i? Irú ọ̀rá báyìí ló bo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ yín bí awọ. Oró oyin máa ń dáhò sí i lára."

Ẹ̀rín la máa ń rín.

Nígbà tóúnjẹ gbówó lórí, tíṣà wa ń dáko n'Ígbẹsà. Ibẹ̀ loyin ti ya bò wọ́n. Nígbà tá a lọ kí wọn ní ọsibítù, ìtọ̀ inú ike wọn pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n wò ó.

"Awọ yẹn ti luhò."

Ìyàwó wọn yíjú sí wa: "Awọ wo?"

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.