Ọkọ Mi Ni Mo Rí

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi nígbà tí mo dé ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ẹ̀jìgbò kì í ṣe òfin. Òfin, mo ti kà á ní yunifásítì, mo ti ṣe ìdánwò rẹ̀ títí orí fi ń fọ́ mi. Ohun tó kọ́ mi ni pé kí n má gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó ní, "Oníbàárà rẹ yóò parọ́ fún ọ. Ẹlẹ́rìí yóò parọ́ fún adájọ́. Ìwé gan-an máa ń parọ́, torí pé èèyàn ló kọ ọ́." Mo bi í pé, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà?" Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kọ́ yìí dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ, torí pé onífura ni wọ́n bí mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ìyá mi bá pín ẹran fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, mo máa ń fi ojú wọn tèmi mọ́ tirẹ̀ kí n tó fi kan ẹnu. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi ti ń lo oògùn náà kí n tó dàgbà.

Fún oṣù mélòó kan, iṣẹ́ mi kò ju pé kí n jókòó sẹ́yìn ọ̀gá mi nílé-ẹjọ́, kí n pa ẹnu mọ́. Ó ní kí n má wo ẹnu ẹlẹ́rìí, ọwọ́ rẹ̀ ni kí n máa wò. Ó ní ẹni tó ń rántí òótọ́ máa ń ṣìnà díẹ̀, yóò padà sẹ́yìn, yóò ní "ẹ dúró ná." Ẹni tó há irọ́ sórí kì í ṣìnà ní tirẹ̀. Ó sì kọ́ mi ní èyí tó ṣòro jù: bí o bá ti gbọ́ ìdáhùn tí o ń wá, jókòó. Agbẹjọ́rò tó bá bi ìbéèrè kan kún un nítorí pé ọ̀rọ̀ ń dùn lẹ́nu rẹ̀, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ohun tó dì. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan bí ọmọ ilé kéwú.

Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dìde sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti oko kajú kan lọ́nà ìlú Ara. Opó kan ló ń mójú tó oko náà. Baálé rẹ̀ ló gbìn ín, ó sì ti tó ọdún mẹ́wàá tí baálé náà ti dolóògbé. Nígbà ọyẹ́, iná jó ìdajì oko yìí, ìyá náà sì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó mú wọn lọ nawọ́ sí àbúrò baálé rẹ̀ pé ẹni tó ti iná bọ̀ ọ́ nìyẹn. Àbúrò yìí ni oníbàárà wa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àbíjàn dé ni, ó sì fẹ́ máa fi ilẹ̀ náà ṣe búlọ́ọ̀kù. Àwọn àgbà ẹbí ò fẹ́ dá sí i. Wọ́n ní kí adájọ́ yanjú rẹ̀: bí wọ́n bá dá ọkùnrin náà lẹ́bi, kó má fẹsẹ̀ tẹ oko náà mọ́ láéláé, bí wọ́n bá dá a láre, a jẹ́ pé ìyàwó ilé parọ́ mọ́ ọmọ onílé, kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀. Oko yẹn nìkan ni ìyá náà fi ń jẹun.

Oníbàárà wa kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Bàtà rẹ̀ mọ́ ju ọ́fíìsì wa lọ. Ó ní Másífà lòun wà lọ́jọ́ náà, níbi ìsọmọlórúkọ, pé òun dé ibẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, òun jẹ ìrẹsì, òun mu omi tútù, òun kúrò ní aago mẹ́ta, wàláì. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo bi í. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jẹ ìrẹsì, tó mu omi tútù, tó kúrò ní aago mẹ́ta, tó sì búra. Kò tilẹ̀ yí ọ̀rọ̀ kan padà. Mo lọ bá ọ̀gá mi, mo ní, "Sà, mo fura sí ọkùnrin yìí."

Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Wá lọ fura sí ìyá náà ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo gbé ọ̀rọ̀ tí ìyá náà sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá, mo ń kà á bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ọlọ́pàá tó kọ ọ́ kì í ṣe Yorùbá. Ẹnì kan ló ń túmọ̀ fún un tó fi ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìyá náà sì tẹ̀ka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: ó rí ọkọ rẹ̀, ìyẹn ọkùnrin tó fẹ́ ẹ sílé, tó ń jáde láti inú oko. Lẹ́yìn náà, èèyàn púpọ̀ ló gbé kẹ́ẹ̀gì dání, èèyàn púpọ̀ ló sì sá gba ọ̀nà Ìsundunrin lọ. Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò fi iyèméjì sí i.

Mo fò dìde lórí àga. Ọkọ wo? Èyí tó ti kú? Ṣé ẹnì kan ló wá rí ni àbí èrò? Mo gbé ìwé náà tọ ọ̀gá mi lọ, inú mi ń dùn bí ẹni tó rí owó he. Ó kà á. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á. Ó ní, "Ìwọ ni kí o bi ìyá náà léèrè nílé-ẹjọ́. Èmi á jókòó tì ọ́." Mo rò pé ó fọkàn tán mi ni.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, ìyá náà wọ inú àpótí ẹlẹ́rìí. Agbefọ́ba, ọlọ́pàá tó ń rojọ́ fún ìjọba, ní kó sọ ohun tó rí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ewúrẹ́ tó já okùn. Ó ní àárọ̀ kùtù ni, ó tún ní, "Ẹ dúró ná, oòrùn ti ń ta mí létí." Ó ní òun gbóòórùn bẹntiróò kí òun tó rí èéfín, ó padà sídìí ewúrẹ́. Mo mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń túmọ̀ sí, ọ̀gá mi ti kọ́ mi. Mo sọ fún ọkàn mi pé kó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kó dárúkọ ẹni tó rí, kò dárúkọ. Ó na gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí oníbàárà wa, ó ní, "Àwọn rèé." Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ẹ̀rù irọ́ ń bà á.

Ó kàn mí. Mo dìde, mo gbé ìwé náà sókè, ohùn mi sì le.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ ìwé yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo tẹ̀ka sí i."

"Ta ni ẹ sọ fún ọlọ́pàá pé ẹ rí?"

"Ọkọ mi ni mo rí."

Ògbufọ̀ ilé-ẹjọ́ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, adájọ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

"Níbo ni baálé yín wà báyìí?"

"Bàbá àwọn ọmọ mi? Wọ́n ti kú. Ó ti pẹ́."

"Wọ́n kú kí oko tó jóná ni, àbí lẹ́yìn tó jóná?"

"Kó tó jóná ni."

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ò rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí ìyẹn ti ta mí lólobó. Ìyá náà wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mo ń sọ. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí oníbàárà wa níbi tó dúró sí, ó tẹ orúnkún díẹ̀ nínú àpótí náà, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ o." Ògbufọ̀ ò túmọ̀ ìyẹn, nítorí pé kì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè mi.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ìyàwó ilé ni ìyá yìí. Ọmọkùnrin yòówù tó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń pọ̀n. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sọ pé "ó." "Wọ́n" ni. Oníbàárà wa lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta tí ikun ń dà nímú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyá yìí wálé. Títí ayé, "wọ́n" ni yóò máa jẹ́. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Ìṣojú mi ni ìyá tó bí mi ṣe ń kúnlẹ̀ kí àbúrò bàbá mi tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni mo kà, ìfura sì ti di mí létí. Ẹnì kan ṣoṣo ni ìyá yìí rí, ẹni náà ló sì nawọ́ sí.

Ìbéèrè kan péré ló kù: "Ìyá, ọkọ wo?" Ó ti dé orí ahọ́n mi. Ọ̀gá mi fa etí aṣọ mi láti ẹ̀yìn, ó rọra ní, "Jókòó."

Mo jókòó.

Mo mọ gbogbo àwíjàre tó wà níbẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ mi láti bá ọ̀tá oníbàárà mi tún ọ̀rọ̀ ṣe, agbefọ́ba ló ni ìyẹn. Adájọ́ wo agbefọ́ba láti òkè awò ojú, ó bi í bóyá ìbéèrè kù, ó sì dúró pẹ́ ju bó ṣe máa ń dúró lọ. Agbefọ́ba, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, ń wo fóònù rẹ̀. Ó ní kò sí. Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá kò gbọ́ ni, tàbí ẹnì kan ti bá a sọ ọ́ pé kó má gbọ́. Mo fura sí adájọ́ náà pẹ̀lú, torí pé mi ò rò pé kò yé e. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni wọ́n fi ń dájọ́, ohun tó sì wà lákọsílẹ̀ ni pé ìyá kan rí òkú tó ń dáná sun oko.

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì, mo bi ọ̀gá mi pé, "Sà, ṣé ẹ mọ̀ nígbà tí ẹ ka ìwé yẹn?"

"Kí n tó kà á dé ìdajì."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó ń wá gègé rẹ̀ lórí tábìlì. "Ká ní mo sọ fún ọ ni, ohùn rẹ kì bá tí le tó bẹ́ẹ̀."

Inú bí mi débi pé mo jáde láì kí i pé ó dàárọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì mo padà wá. Níbo ni mo fẹ́ lọ?

Lọ́jọ́ ìdájọ́, adájọ́ ní ẹ̀rí ìyá náà ta ko ara rẹ̀, òun ò lè fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n lórí rẹ̀. Oníbàárà wa di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń dúpẹ́ bí ará Àbíjàn pé "mẹsí, mẹsí." Ó ní, "Ìyàwó mi yẹn, mo ti sọ fún un pé kó má bá mi dé kóòtù." Ìyàwó mi. Òun náà mọ ọkọ tó wà nínú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gba ọwọ́ mi lọ́wọ́ rẹ̀.

Níta, ẹnì kan nínú ẹbí ń sọ fún ìyá náà pé kó ti kó ẹrù kúrò lóko kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀. Ìyá náà ń sọ pé, "Ẹ ṣé, ọkọ mi," ó ń so ìró rẹ̀ le. Mo sún mọ́ ọn nígbà tí ẹni náà lọ. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, mo kàn kúnlẹ̀ kí i.

Ó ní, "Ìwọ lọ́yà yìí, ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ọmọ Ẹ̀jìgbò ni mí, mà."

"Ẹ̀jìgbò ibí yìí?"

"Ẹ̀jìgbò ibí yìí, mà."

Ó wò mí láti orí dé ibi tí orúnkún mi gbé wà nílẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí o bi mí léèrè ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jì ẹ́," ó ní. "Mo ṣe bí àlejò tí kò gbọ́ èdè wa ni ẹ́ ni."