Baba Kọ́kọ́rọ́ àti Òfin Tó Fẹ́ Padà Sẹ́yìn

Ṣọ́ọ̀bù Baba Kọ́kọ́rọ́ kò ju ibi tí èèyàn méjì lè dúró sí láìforí gbárí lọ. Ibẹ̀ ló ti ń fi ayùn gbẹ́ eyín kọ́kọ́rọ́ títí irun rẹ̀ fi funfun, ibẹ̀ náà ló ti tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo yanjú.

Ó wà jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ kí olè tó fi kọ́kọ́rọ́ àdàkọ wọ ilé ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin, tó kó tẹlifíṣọ̀n lọ. Ìbínú kò da nǹkan, àmọ́ ìbínú náà ni ilé aṣòfin fi ṣòfin: ẹni tó bá gé kọ́kọ́rọ́ láìgba ìwé àṣẹ yóò ṣẹ̀wọ̀n, ìjọba yóò sì gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èyí ṣì dáa. Àmọ́ wọ́n ní ó kan kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ti gé kí òfin tó wà! Ìwé àṣẹ tí wọn ò tíì dá sílẹ̀, níbo ni kí Baba ti rí i gbà? Ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú gan-an.

Ọlọ́pàá rí kọ́kọ́rọ́ àdàkọ kan ládùúgbò, wọ́n ní Baba ló gé e; wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n gbé Baba lọ sílé ẹjọ́.

Agbẹjọ́rò rẹ̀, obìnrin kan tí kì í pariwo, ti bẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ̀rọ̀ o. Wọn ò lẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ gé e."

"Mo ti ti ẹnu mi pa," ni Baba wí.

Agbẹjọ́rò ìjọba wá na kọ́kọ́rọ́ náà sókè. "Ẹ wò ó bó ṣe rí jágajàga. Iṣẹ́ ọ̀lẹ!"

Baba fò dìde. "Ta lọ̀lẹ? Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn! Látìgbà tí mo ti gé e fún tíṣà àdúgbò wa, ṣé ilẹ̀kùn yẹn kọ̀ ọ́ rí?"

Gbogbo ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ káwọ́ lérí: ẹnu Baba ti kó bá a.

Agbẹjọ́rò rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó dìde. "Olúwa mi, ó ti jẹ́wọ́. Ẹjọ́ wá ku ẹyọ kan: nígbà tó gé e, ṣé òfin yìí wà?"

Agbẹjọ́rò ìjọba fúnra rẹ̀ gbà pé kò tíì sí.

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ilé aṣòfin lágbára láti ṣòfin. Ṣùgbọ́n òfin ìpìlẹ̀ ló fún un lágbára náà, òun ló sì pààlà fún un. Ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nígbà tí èèyàn ṣe é, wọn ò lè sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́yìn náà. Apá òfin yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Baba, ẹ máa lọ sílé. Ẹ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù yín."

Ọmọ rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó bá bàbá rẹ̀ tó ti wọ bàtà. Ọ́fíìsì ìwé àṣẹ ló ń lọ.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ borí wọn, Bàbá?"

"Àná mi ni wọ́n fẹ́ gbà, mi ò sì gbà fún wọn," ni Baba wí, ó ń so okùn bàtà. "Ti òní tí wọ́n ń bèèrè yìí, ẹ̀tọ́ wọn ni. Fún mi ní fìlà mi."