Má Tẹ̀ Ẹ́, Gbé E Lé E

Lánàá, ọmọ mi obìnrin jókòó tì mí, ó ń fi síláìdì tó ṣe fún iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ hàn mí lórí fóònù. Mo gbé ìka lé àwòrán kan, mo sì ń dúró. Kíá, àwòrán náà fò lọ. Ọmọ náà wò mí bíi pé mo ti ń ṣarán.

"Mummy, kí lẹ ń dúró dè?"

Rísì ni mo ń dúró dè.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe níyì tó ní Ketu, l'Ékòó, nígbà tiwa. Lásìkò ìsinmi ńlá kan, àwọn òbí wa fi èmi àti Rísì sí ilé ìkọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Ìkòsì, yàrá kótópó tí wọ́n ti ń fi aṣọ bo ẹ̀rọ lójú bí ìyàwó tuntun. Òórùn tòmátì tó ti rà máa ń bá atẹ́gùn wọlé láti ọjà Mile 12, a ó sì máa fi ọwọ́ kan dímú, a ó máa fi ìkejì tẹ̀wé.

Inú ọgbà kan náà lèmi àti Rísì ń gbé. Akólòlò ni. Àwọn àgbà ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba, ṣùgbọ́n baba tí Rísì fẹ́ pè kò ní sùúrù. Káfíńtà ará Ìṣẹ́yìn ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn ọmọ yìí bí ẹyinjú. Bó bá ní, "Bàbá, mo f-f-f...", wọ́n á ti ní, "Omi lo fẹ́," wọ́n á bu omi fún un. Rísì á sì mu omi tí òùngbẹ kò gbẹ ẹ́.

Nígbà tí Uncle Ṣẹ́gun tó ń kọ́ wa sọ pé kálukú máa ṣàlàyé síláìdì rẹ̀ níwájú àwọn òbí, Rísì bú sẹ́kún. Uncle wá kọ́ ọ lọ́gbọ́n kan: ó lè fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sára àwòrán. Bí ọfà máòsì bá dúró lé àwòrán náà, ọ̀rọ̀ á yọ jáde nínú àpótí kékeré. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ó di síláìdì mìíràn.

Lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá, èmi ni mo bá Rísì di máòsì mú. Mo ti fẹ́ tẹ àwòrán àkọ́kọ́.

"Má t-tẹ̀ ẹ́," Rísì sọ sí mi létí. "Gbé e lé e."

Lára àwòrán ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ó kọ ọ́ pé: "Tí Bàbá mi bá ń kọrin, pákó náà rọ̀ nìyẹn." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àwòrán Rísì fúnra rẹ̀ ló kẹ́yìn: "Èmi nìyí. Bàbá mi, mo ṣì ń sọ̀rọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán."

Bàbá Rísì tẹ̀ síwájú, wọ́n ń fi ètè kà á. Àpótí náà parẹ́ kí wọ́n tó kà á tán. Wọ́n ní kí n tún gbé e lé e.

Láti ọjọ́ yẹn, bí Rísì bá lanu, bàbá rẹ̀ á gbé ohun èlò ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n á pa ẹnu mọ́. Nírọ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ la máa ń gbọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni tó ń san gbèsè.

Kò pẹ́ rárá. Nígbà ọyẹ́, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tó ti ń bá a jà láti kékeré mú Rísì lọ. Ó dùn mí títí dòní. Ohun kan ṣoṣo tí mo rántí pé bàbá rẹ̀ sọ ni, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni o."

Wọ́n ti wó ọgbà wa, wọ́n ti kọ́ ilé olókè síbẹ̀. Máòsì náà ti ń di ohun àtijọ́, ìka kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lé nǹkan láìtẹ̀ ẹ́. Àmọ́ Bàbá Rísì ṣì wà ní Ìkòsì. Bí mo bá lọ kí wọn, tí mo dánu dúró kí n lè mí, wọn kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n á pa ẹnu mọ́, wọ́n á máa wojú mi, títí màá fi sọ ọ́ tán.